Láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó lọ wo eré orin ní Èkó: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń béèrè jù nípa ọkọ̀ èrò

Bí Oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn olórin sì ti ń kéde eré wọn lọ́tùn-ún lósì, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará wa ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti agbègbè rẹ̀ máa ń béèrè. Mo kó wọn jọ síbí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò nìkan ni mo sọ. Mi ò kọ iye owó ọkọ̀ sílẹ̀, torí pé iye tí wọ́n gbà lánàá lè má jẹ́ iye tí wọ́n á gbà lónìí, pàápàá nínú ọdún.

Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ máa ń gbà láti ọ̀dọ̀ wa dé Èkó?

Méjì ni. Ọ̀kan gba Oǹdó lọ sí Ọ̀rẹ̀, ó já sí ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Benin bọ̀, ó kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì lọ pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní Ṣágámù. Èkejì gba Iléṣà àti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti wá forí lé Èkó. Èyíkéyìí tí awakọ̀ bá gbà nínú méjèèjì, ìrìn bíi 300 kìlómítà ni.

Bí ọ̀nà bá dán, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni. Ẹ fi wákàtí méjì kún un lọ́kàn yín, torí pé èyí tó gùn jù nínú ìrìn àjò náà lè jẹ́ láti Ṣágámù sí Berger, ìyẹn ẹnu àbáwọlé Èkó, tí kò jìnnà rárá lójú máàpù.

Ṣé ọkọ̀ gáréèjì ni kí n wọ̀ àbí ti ilé iṣẹ́?

Ọkọ̀ gáréèjì kì í gbéra àfi tó bá kún. Ẹ lè dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí ẹ jókòó títí oòrùn á fi mú, nítorí èrò kan ṣoṣo tó kù. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ní aago tó ń gbéra, ẹ sì lè san owó ìjókòó yín sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Fún ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì eré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti ilé iṣẹ́ ni mo fara mọ́.

Níbi tí ẹ bá ti wọkọ̀, wọ́n á gbé ìwé kan wá kí ẹ kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ohun tó bá wá sí wọn lọ́kàn síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ẹni tó máa gbé fóònù lóru ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má sì wọ ọkọ̀ tó ń ṣa èrò kiri lẹ́bàá ọ̀nà, kódà bó dín owó kù.

Ìgbà wo ni kí n kúrò nílé?

Ọjọ́ tó ṣáájú eré. Mo mọ̀ pé owó ibùsùn ọjọ́ kan yóò kún un, àmọ́ ẹni tó bá gbéra ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ eré ti fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ọkọ̀ lè bàjẹ́ lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀, tírélà lè ṣubú dí ọ̀nà ní Ògèrè, kò sì sẹ́ni tó máa dá eré dúró dè yín.

Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an lẹ gbọ́dọ̀ lọ, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ìdájí ni. Bí ẹ bá dé Berger kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, ẹ ṣì ní àyè láti sinmi, wẹ̀, jẹun, kẹ́ ẹ tó kọjá afárá lọ sí erékùṣù Èkó. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ ó ti gbọ́ orin.

Níbo ni kí n ti sọ̀kalẹ̀ ní Èkó?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa ló ń já èrò ní Berger, Ọjọ́ta, Òṣòdì tàbí Jìbówú. Ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ yan ibi tó máa já yín sí fún yín. Ibi tí eré ti máa wáyé àti ibi tí ẹ máa sùn ló yẹ kó pinnu rẹ̀. Berger ló dára fún ẹni tó ń lọ sí Ìkẹjà àti ẹni tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì tó ń gba Afárá Third Mainland lọ sí Ọbaléńdé. Ọjọ́ta wà lójú ọ̀nà BRT, ìyẹn bọ́ọ̀sì ńlá ìjọba tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, tó ń lọ sí CMS ní Lagos Island. Òṣòdì dára fún ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, torí pé ibùdókọ̀ ńlá ìjọba àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin kò jìnnà síra wọn níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ rántí pé Yábàá tiwọn wà ní Èkó. Tí kọ́ńdọ́ bá pe Yábàá, kì í ṣe tiwa nílé ló ń pè, ẹ má sì fi orúkọ tí etí yín mọ̀ wọ bọ́ọ̀sì.

Kí ni káàdì Cowry? Ṣé dandan ni?

Káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ìjọba Èkó ni. Ẹ ó rà á ní ibùdókọ̀, ẹ ó kówó sí i, ẹ ó máa fi kan ẹ̀rọ bí ẹ bá ń wọlé. Òun náà ni BRT ń gbà, òun náà ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, nítorí náà dandan ni fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Lórí ọkọ̀ ojú irin, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, kí ẹ sì tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde, torí pé bí ibi tí ẹ dé ṣe jìnnà tó ni wọ́n ń wò gba owó. Kálukú ló ń mú tirẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta kò lè fi káàdì kan wọlé. Ẹ ra tiyín lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ sì kó owó àlọ àti àbọ̀ sí i, torí ìlà àwọn tó ń kówó sí káàdì máa ń gùn nírọ̀lẹ́.

Mi ò wọ dánfó Èkó rí. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́?

Ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ọba Adésidà, ẹ ó sọ ibi tí ẹ ń lọ fún onítakisí, tó bá bá ọ̀nà rẹ̀ mu á dúró, tí kò bá bá a mu á kọjá. Ní Èkó, ọkọ̀ ló ń sọ ibi tó ń lọ fún yín. Dánfó aláwọ̀ ìyeyè tó ní ìlà dúdú lára ni. Kọ́ńdọ́ á fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, á máa pariwo: “Ọbaléńdé, CMS! Ọbaléńdé, CMS!” Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ń dé ibi tí ẹ ń lọ gan-an, kí ẹ sì béèrè iye tó ń gbà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ti jókòó, iye tó bá dá lẹ ó san.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Kí mọ́tò tó rìn jìnnà lẹ ó ti gbọ́ “Ẹ̀yìn, owó yín dà!” Bí ẹ bá na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i, ó lè kọ ọ́, ó sì lè so yín pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn: á kó ṣéńjì ẹ̀yin méjèèjì lé ẹnì kan lọ́wọ́, á ní kẹ́ ẹ lọ pín in nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀. Bó bá so yín mọ́ ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ níbòmíì, ẹ tètè sọ̀rọ̀ kí ẹni náà tó bọ́lẹ̀. Ẹ fọ́ owó yín sí kéékèèké láti ilé, ìyẹn igba àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, kí ẹ sì kó o sí àpò ọ̀tọ̀, kí ẹ má baà máa ṣí pọ́ọ̀sì yín nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dé, ẹ pariwo “Ó wà o!” tẹ̀ lé orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù náà. Ẹ má sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, nítorí kò ní gbọ́. Tí ẹ ò bá mọ ibẹ̀, ẹ bẹ ẹni tó jókòó tì yín: “Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá dé Bonny Camp ẹ sọ fún mi.” Inú dídùn ni ọ̀pọ̀ ará Èkó fi máa ń ṣe èyí, ohun yòówù kí wọ́n sọ fún yín nípa wọn nílé.

Ọkọ̀ ojú irin wo ló lè wúlò fún mi?

Méjì ló wà nínú ìlú. Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Oṣù Kẹsàn-án 2023. Ó gùn tó kìlómítà 13, ibùdó rẹ̀ márùn-ún sì ni Mile 2, Sùúrù-Àlàbá, Orílé Ìgànmú, National Theatre àti Marina. Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Oṣù Kẹwàá 2024, láti Àgbàdo dé Oyíngbò: Àgbàdo, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣín, Yábàá, Oyíngbò.

Fún àwa tó ń bọ̀ láti òkè, Red Line ni tiwa. Ẹni tó bá bọ́lẹ̀ ní Òṣòdì lè wọ̀ ọ́ dé Oyíngbò láìrí súnkẹrẹ kankan, èyí kò sì ṣeé fowó rà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Oyíngbò yìí náà ni ti ọjà tí kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì kò tíì pàdé: Red Line kò dé Marina, Blue Line kò dé Oyíngbò. Bọ́ọ̀sì lẹ ó wọ̀ láti Oyíngbò lọ sí CMS.

Red Line kì í lọ léraléra bíi Blue Line. Ẹ wo àkókò tó ń gbéra kí ẹ tó kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa dé ibi eré gan-an?

Eko Convention Centre, tó wà nínú ọgbà Eko Hotel ní Victoria Island, ni ìbéèrè ń pọ̀ lé lórí jù. Ẹ kọ́kọ́ dé Ọbaléńdé tàbí CMS. Níbẹ̀, ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìhà Lekki àti Ajah, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ ní Bonny Camp. Bó bá jẹ́ ojúmọmọ, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ wọ takisí fún ìyókù ọ̀nà.

Tafawa Balewa Square, tí gbogbo èèyàn ń pè ní TBS, ló rọrùn jù lọ fún ẹni tí kò mọ Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ta àsíá Nàìjíríà sókè lọ́dún 1960. BRT ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì ṣeé fẹsẹ̀ rìn láti CMS.

National Theatre ní Ìgànmú, tí wọ́n ti fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè báyìí, ní ibùdó Blue Line tirẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ láti Marina tàbí Mile 2. Mi ò rò pé ibi eré mìíràn wà ní Èkó tí ọkọ̀ ojú irin ṣe báyìí sún mọ́.

New Afrika Shrine wà ní Agídíngbì, ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Felabration lóṣù Kẹwàá ọdọọdún ní àyíká ọjọ́ ìbí Fẹlá, ìyẹn ọjọ́ 15. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ kò ní ohun tó ń wá lórí afárá. Berger ni kẹ́ ẹ ti sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìhà Aláúsá àti Ìkẹjà. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù àti rin Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́, eré tó wà ní Ìkẹjà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Owó ọkọ̀ yín á dín kù, àkókò yín á dín kù, ọ̀nà àbọ̀ yín á sì sún mọ́lé.

Ṣé mo lè gun ọ̀kadà bí súnkẹrẹ bá pọ̀?

Rárá o. Láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Eti-Ọ̀sà, Lagos Mainland, Lagos Island àti Àpápá. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé gbogbo ibi eré tí mo dárúkọ lókè wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí. Ẹni tó gùn ún àti ẹni tó gbé e ni òfin ń mú. Àwa tí ọ̀kadà ti mọ́ lára ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó la máa ń ṣubú sí kòtò yìí jù, torí pé ẹ̀yin náà á rí ọlọ́kadà tó ń yọ́ rìn.

Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?

Ó wà, ó sì ń tètè débẹ̀, pàápàá láti Ìkòròdú sí Fálọmọ àti CMS. Àmọ́ àlọ nìkan ló lè gbé yín, torí pé wọn kò gbà kí ọkọ̀ ojú omi máa gbé èrò lóru. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, kí ẹ so okùn rẹ̀ dáadáa. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ má wọ ọkọ̀ náà.

Mo fẹ́ fi fóònù pe Bolt tàbí Uber. Kí ni kí n mọ̀?

Lálẹ́, òun ló sàn jù. Ohun tó ń dun àwọn èèyàn ni pé lákòókò tí eré bá parí, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà níwájú géètì kan, owó rẹ̀ á fò sókè, awakọ̀ á sì máa fagi lé e. Ẹ dúró nínú ọgbà fún bíi wákàtí kan kí ogunlọ́gọ̀ ti túká, tàbí kí ẹ jáde nígbà tó bá ku orin méjì tó kẹ́yìn, bí ọkàn yín bá lè gbà á.

Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ tó dé wé èyí tó wà lórí fóònù, kí ẹ wo ojú awakọ̀ mọ́ fọ́tò rẹ̀. Ẹ má pe orúkọ rẹ̀ fún un. Òun ni kó pe orúkọ yín. Tó bá ní kí ẹ fagi lé e lórí fóònù kí ẹ sanwó sí òun lọ́wọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá ti fagi lé e, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹ wà mọ́.

Kí ni kí n gbé dání lọ sí ibi eré?

Ìwọ̀nba. Ọ̀pọ̀ ibi eré kì í jẹ́ kí báàgì ńlá wọlé, kò sì síbi tí wọ́n á bá yín tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó gbé báàgì ìrìn àjò láti Àkúrẹ́ wá sí ẹnu géètì á dúró síta ni. Ẹ gbé ẹrù yín sí ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ mú páwà bánkì, káàdì Cowry, owó kéékèèké, àti ìwé pélébé tí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù méjì sí, torí bí fóònù bá kú tàbí tí wọ́n bá jí i, ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ lórí.

Ẹ ṣe tíkẹ́ẹ̀tì yín ní àwòrán sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Níbi tí èèyàn bá ti pọ̀ jù, íntánẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ ṣiṣẹ́.

Wọ́n kọ aago méje alẹ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó máa bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn?

Bóyá géètì ló máa ṣí nígbà yẹn. Kì í ṣe tuntun ní Èkó kí olórin tí gbogbo èèyàn tìtorí rẹ̀ wá má bọ́ sórí pèpéle títí di lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, nígbà mìíràn títí di ìdájí. Ẹ má tìtorí ìyẹn dé pẹ́, nítorí ìgbà tí bọ́ọ̀sì ṣì wà lẹ ń wá. Àmọ́ ẹ má fi aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ṣírò ìgbà tí ẹ máa délé.

Bí eré bá parí lóru, báwo ni mo ṣe máa kúrò níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí tó wà lókè, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè àfìgbà tí wọ́n bá ti wà ní ìta géètì. BRT kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ọkọ̀ ojú irin méjèèjì kì í rìn mọ́jú. Ọkọ̀ ojú omi ti wọlé láti ìrọ̀lẹ́. Dánfó tí ẹ bá rí ní aago méjì òru kì í ṣe èyí tí mo lè ní kí àbúrò mi wọ̀. Nítorí náà, ibi tí ẹ máa sùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwa tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí ní Èkó máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ibùsùn ti parí. Kò tíì parí o. Bí àǹtí yín bá ń gbé Ìkòròdú tí eré sì wà ní Victoria Island, ìrìn àjò mìíràn ló tún kù yẹn. Ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn: aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì àdúgbò? Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó ló ní géètì irin lẹ́nu ọ̀nà, ọdẹ á tì í nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, kò sì ní ṣí i títí di nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Ẹ lè dé ẹnu géètì náà ní aago mẹ́ta, kí ẹ máa wo ilé àǹtí yín ní ọ̀ọ́kán, kí ẹ má sì lè débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àǹtí sọ fún ọdẹ ṣáájú, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ọdẹ náà.

Bí ẹ kò bá ní ẹnikẹ́ni nítòsí, ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ́ ẹ jọ lọ lè dáwó yàrá ilé ìtura kan ní agbègbè ibi eré. Lóṣù Kejìlá, wọ́n máa ń tètè kún, owó wọn sì máa ń wọ́n, ẹ tètè sanwó. Bí èyí náà kò bá ṣeé ṣe, ohun tó kù ni pé kẹ́ ẹ dúró sínú ọgbà eré níbi tí iná àti èèyàn wà, títí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ á fi jáde ní ìdájí. Ẹ sùn lórí ìjókòó bó bá di dandan. Àárín ìparí eré sí ìdájí ni àkókò tó léwu jù lọ, ẹni tó bá sì ń rìn kiri lábẹ́ afárá lásìkò yẹn kò rí bọ́ọ̀sì rárá, àwọn mìíràn ló rí i.

Kí ni wọ́n ń pè ní one-chance, báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀?

Ọkọ̀ olè ni. Wọ́n á ṣe bí ọkọ̀ èrò, wọ́n á ní àyè ẹnì kan ló kù, àwọn “èrò” tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Bí ẹ bá ti wọlé, wọ́n á gba fóònù àti káàdì báńkì yín, wọ́n á fi ipá gba nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀.

Ẹ wọkọ̀ ní ibùdókọ̀, kì í ṣe ní òkùnkùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ sá fún mọ́tò tí kò ní àwọ̀ ọkọ̀ èrò, tó ń pe owó tó kéré ju ti gbogbo èèyàn lọ. Bí ẹ bá wo inú rẹ̀ tí ọkàn yín kò gbà á, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Ọmọ mi obìnrin fẹ́ dá lọ. Kí ni kí n sọ fún un?

Kó má dá lọ, bí ẹ bá lè bá a wá ẹni tí wọ́n á jọ lọ. Bó bá ti pinnu, ẹ má bá a jà débi tí kò fi ní sọ ibi tó ń lọ fún yín. Ìyẹn ló burú jù. Ẹ ní kó máa fi ibi tó wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp bó bá ti ń gun ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú. Kí ẹnì kan nínú ilé má sùn títí á fi ní òun ti wọ yàrá òun. Mo gba àwọn ọkùnrin nímọ̀ràn kan náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni eré náà bọ́ sí. Ṣé ó yí nǹkan padà?

Bó bá jẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ó yí nǹkan padà gan-an. Ọjọ́ yẹn ni ìjọ Ìràpadà ń ṣe ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ wọn ní Redemption City, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àárín Ṣágámù sí Èkó ni ibẹ̀ sì wà. Ẹni tó gba Ọ̀rẹ̀ àti ẹni tó gba Ìbàdàn, àwọn méjèèjì ló máa kọjá níwájú rẹ̀. Láti ọ̀sán ni ọkọ̀ ti ń tò. Lóṣù Kejìlá, àpéjọ ńlá wọn máa ń gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Bó bá ti bọ́ sí àkókò yẹn, ẹ ti kọjá ibẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, tàbí kí ẹ lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Ṣé mo lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìbàdàn?

Ó ṣeé ṣe. Oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Móníyà ló ti ń gbéra ní Ìbàdàn, ó sì ń parí sí ibùdó Mobolaji Johnson ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, tí kò jìnnà sí Yábàá. Ó tutù, ó mọ́, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ súnkẹrẹ.

Wàhálà rẹ̀ ni pé Ìwó Road ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tiwa ń dé, Móníyà sì wà ní ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún. Ẹ ó la Ìbàdàn kọjá kí ẹ tó débẹ̀, ọkọ̀ ojú irin náà kì í sì í ju mélòó kan lójúmọ́. Àyàfi tí ẹ bá fẹ́ sùn ní Ìbàdàn, mi ò rí èrè rẹ̀ fún ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀.

Lekki ni eré wà. Ṣé dandan ni kí n la inú Èkó kọjá?

Kì í ṣe dandan. Ẹ gba Ọ̀rẹ̀, ẹ sọ fún awakọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Òde lẹ ti ń sọ̀kalẹ̀. Láti ibẹ̀ ẹ wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, láti Ẹ̀pẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ Ajah, láti Ajah ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Lekki. Ẹ kò ní fojú kan Redemption City, Berger tàbí Afárá Third Mainland.

Ọkọ̀ mẹ́rin ni, nítorí náà kì í ṣe ọ̀nà ẹni tó gbé ẹrù púpọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀nà alẹ́. Àmọ́ ní ojúmọmọ, fún ẹni tó mọ ẹnu sọ̀rọ̀ ní gáréèjì, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Berger lọ. Láti Ajah sí Lekki ni súnkẹrẹ rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kó bá yín ní ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ wo ni kí n wọ̀ padà sílé?

Ti àárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sùn. Ẹ má ti ibi eré lọ sí gáréèjì tààrà kí ẹ tún máa wá ọkọ̀ òru. Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà tó yẹ kí ẹnikẹ́ni rìn lóru lásìkò yìí.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: “Ọ̀rẹ̀ ni àbí Iléṣà?” Ọkọ̀ Àkúrẹ́ tó bá gba Iléṣà kò ní dé ọ̀dọ̀ yín, Àkúrẹ́ ló máa gbé yín lọ, ẹ ó sì tún wọ ọkọ̀ mìíràn padà sí Oǹdó. Èyí tó bá gba Ọ̀rẹ̀ á kọjá lọ́dọ̀ yín, àmọ́ owó Àkúrẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní gáréèjì, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti dé Yábàá tiwa nílé.